Ìṣirò Ìbáradọ́gba àti Agbọ̀n Tòmátì ti Mile 12

Kì í ṣe ohun ìtìjú fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ láti jẹ́wọ́ pé ọmọ ilé-ìwé kan ti tọ́ òun sọ́nà. Ìṣirò ìbáradọ́gba ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí gbogbo wa rò pé a mọ̀ dájú, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún dé ọdún. A ó fi hàn bí àwa fúnra wa ti ṣì í lò lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, nígbà kìíní níwájú pátákó ní kíláàsì kan ní Kétu, nígbà kejì nínú ọjà Mile 12, pẹ̀lú owó tí kì í ṣe tiwa.

Kí ni ìbáradọ́gba? Bí ohun méjì bá ń rìn pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ìkínní bá di ìlọ́po méjì, èkejì náà a di ìlọ́po méjì, bí ìkínní bá sì dín sí ìdajì, èkejì náà a dín sí ìdajì, nígbà náà ni a lè fi ohun mẹ́ta tí a mọ̀ wá ẹ̀kẹrin tí a kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyin adìẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹyin 30 ni ó wà nínú kírétì kan. Bí kírétì kan bá jẹ́ ₦6,000, èló ni ẹyin 7? Ọmọ kan yóò kọ́kọ́ wá iye ẹyọ kan: ₦6,000 tí a pín sí ọ̀nà 30 jẹ́ ₦200, nítorí náà ẹyin 7 jẹ́ ₦1,400. Ọmọ mìíràn yóò kọ́kọ́ fi 7 sọ ₦6,000 di púpọ̀, kí ó tó fi 30 pín in. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì yóò gúnlẹ̀ sí. Àwa fẹ́ràn ọ̀nà ti ìṣáájú fún àwọn ọmọ kékeré, nítorí pé ọmọ lè fi ojú inú rí ẹyin kan àti ₦200 tí ó jẹ́ owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦42,000 tí ọ̀nà kejì ń bí ní àárín ọ̀nà kì í ṣe owó ohunkóhun láyé yìí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Aryabhata kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 499, Brahmagupta sì tún ṣàlàyé rẹ̀ ní 628. Orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí òfin ohun mẹ́ta. Ó gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá kọjá dé Yúróòpù, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní òfin wúrà. Àwọn baba wa pàápàá kò ṣe aláìmọ̀ ọ́n. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Bí ohun kan bá jẹ́ ogójì, àádọ́ta irú rẹ̀ a jẹ́ ẹgbàá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta a sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ìyá tí kò mọ a, b, d lè sọ èyí kí akọ̀wé tó yọ kálámù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kan tún wà tí ó sún mọ́ wa ju ti ẹyọ lọ, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, orílẹ̀-èdè wa fi náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Pẹ́nì 12 ni ó wà nínú ṣílè kan. Nítorí náà pẹ́nì 12 bá kọ́bọ̀ 10 dọ́gba. Bí ọjà kan bá jẹ́ ṣílè kan àti pẹ́nì mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, pẹ́nì 21 ni, yóò sì di kọ́bọ̀ 17½. Èyí kò le. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn òbí wa ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí kọ́bọ̀ tuntun tó dé. Bí alákàrà bá ń ta àkàrà ní kọ́bọ̀ kan ní ìparí ọdún 1972, tí ó sì ń tà á ní kọ́bọ̀ kan náà lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ti fi ìdá kan nínú márùn-ún kún owó rẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ̀ tàbí kò mọ̀. Orúkọ kò yí padà. Ìwọ̀n ni ó yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun gan-an ni ó mú wa ní Mile 12.

Àwọn tí wọ́n mọ agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ mọ̀ pé Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí ní ọ̀nà Ìkòròdú. Orúkọ Mile 12 fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀n ọ̀nà, ó kù gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ìgbà tí a ń fi máìlì ka ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ọjà oúnjẹ ni ó ń wá sí ọkàn ènìyàn, tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tí ọkọ̀ ẹrù ń kó wá láti òkè Ọya. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a rán wa sí ní Kétu ni ìyá wọn ń ná ọjà náà. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ìṣirò tòmátì yóò dùn mọ́ wọn nínú, a sì kọ èyí sí ojú pátákó:

Ìyá kan ra agbọ̀n tòmátì kan ní ₦30,000. Rọ́bà pẹ́ǹtì 12 ni ó wà nínú agbọ̀n náà. Ó ta rọ́bà kọ̀ọ̀kan ní ₦4,000. Èló ni èrè rẹ̀?

Ìdáhùn tí a ń retí kò fara sin: 12 lọ́nà ₦4,000 jẹ́ ₦48,000, bí a bá yọ ₦30,000 kúrò, èrè jẹ́ ₦18,000. Gbogbo kíláàsì ni ó rí i, àfi ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ pé, “Kò lè rí bẹ́ẹ̀.” A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, màmá mi kì í jèrè tó yẹn.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó dùn wá láti sọ pé àwa náà rẹ́rìn-ín, a sì fún un ní òdo. Nínú ọkàn wa, a ní kò sí ìyá tí ń sọ iye èrè rẹ̀ fún ọmọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn èyí tí a yan àwa mẹ́ta láti ra ohun oúnjẹ fún àsè ìdágbére àwọn tí wọ́n ń parí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò ní láti gbàgbé. Ènìyàn 120 ni a kà. Ọ̀kan nínú wa mọ̀ pé nílé wọn, kóńgò ìrẹsì kan àti rọ́bà tòmátì kan ni a fi ń se oúnjẹ ọdún fún ènìyàn 8. A fi 8 pín 120, ó jẹ́ 15, a sì sọ ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ìrẹsì, tòmátì, ata, epo, iyọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ fi àwàdà béèrè bóyá ìrẹsì tí ń jinná ní ogójì ìṣẹ́jú fún ènìyàn 8 yóò wà lórí iná fún wákàtí mẹ́wàá nígbà tí a bá ń se é fún 120. A rẹ́rìn-ín títí, a kò sì mọ̀ pé òun nìkan ni ó béèrè ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́jọ́ náà.

Ní ti tòmátì, ìṣirò orí pátákó ni a gbé lọ sí ọjà. Bí rọ́bà 12 bá jẹ́ ₦30,000, rọ́bà 15 yóò jẹ́ ₦37,500. Iye náà gan-an ni a gbà lọ́wọ́ akápò, láìlé láìdín, pẹ̀lú owó ọkọ̀ wa lọ́tọ̀.

Nígbà tí a dé ọjà, a kọ́kọ́ rí i pé kò sí ẹni tí ń ta agbọ̀n kan àti ìdá mẹ́rin agbọ̀n. A ra agbọ̀n kan ní ₦30,000. Àwọn tòmátì tí ó wà lókè pọ́n, wọ́n le, wọ́n ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dà á sílẹ̀, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ti fọ́, omi wọn ti ń ṣàn. Kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Láti Kánò dé Èkó, ọ̀nà náà tó bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Lórí ọkọ̀ ẹrù, a to agbọ̀n lé agbọ̀n, ara agbọ̀n sì rọ̀, tí ẹrù òkè fi ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ooru, lórí gbogbo kòtò ọ̀nà. Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti fi àpótí ike rọ́pò agbọ̀n nítorí èyí. Nínú tiwa, rọ́bà 9 péré ni ó dára. ₦7,500 ni ó kù lọ́wọ́ wa. A lọ bá ìyá alátẹ kan, ó ní ₦4,000 ni rọ́bà kan; a ra ẹyọ kan, ìyókù sì bá alábàárù lọ. Rọ́bà 10 ni a gbé wá sílé dípò 15, èyí tí ó tó ènìyàn 80 nígbà tí àwọn 120 ń dúró. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ ọjọ́ náà kò fi pọ́n. Àwọn tí wọ́n sọ pé àwọn alásè ni ó kó tòmátì jẹ ṣẹ̀ sí wọn. Àwa ni kí ẹ bá wí.

Ìyá alátẹ náà ni ó la ojú wa. A fi ìbínú sọ fún un pé, “Màmá, ₦2,500 ni rọ́bà kan nínú agbọ̀n, ẹ sì ń tà á ní ₦4,000!” Ó wò wá, kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ka ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn ni? Èyí tó bá dára la máa ń ṣírò owó lé lórí.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀: agbọ̀n, ₦30,000, ọkọ̀ àti alábàárù, ₦3,000, rọ́bà tí ó dára, 9, lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ṣàánú. Ó dákẹ́, ó fi wá sílẹ̀ kí a parí rẹ̀. ₦33,000 tí a pín sí ọ̀nà 9 jẹ́ ₦3,666 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ó bá tà á ní ₦4,000, èrè orí rọ́bà kan jẹ́ ₦333 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, èrè gbogbo agbọ̀n sì jẹ́ ₦3,000. Kì í ṣe ₦18,000. Ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí a kọ sí ojú pátákó ni, ìyẹn nìkan ni èrè tí ó ń fi oòrùn wá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà náà ni a rántí ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́yìn.

Níbo ni a ti ṣìnà? Kì í ṣe nínú ìpín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nínú ìsọdipúpọ̀. A ṣìnà kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rárá, nítorí pé a gbà pé agbọ̀n jẹ́ ìwọ̀n, nígbà tí ó jẹ́ orúkọ lásán. Agbọ̀n méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í gba iye kan náà, ohun tí ó wà nínú wọn kì í sì í dára bákan náà. Kóńgò kò yàtọ̀: ẹnì kan a kó o ga bí òkìtì, ẹlòmíràn a fi ọwọ́ rẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀kẹta a ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Ìwé Deuteronomi bá irú ẹ̀kẹta yìí wí tipẹ́tipẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ní 1974. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pe gbogbo ọlọ́jà ní ẹlẹ́tàn, nítorí pé ẹni tí ó hun agbọ̀n kò fi rúlà hun ún.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kì í ṣe gbogbo owó ni ó ń bá ẹrù pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ kékeré kan bá ń gba ₦8,000 láti Mile 12 dé Òjótà, iye kan náà ni yóò gbà bóyá agbọ̀n kan ni a gbé tàbí márùn-ún. Ẹni tí ó gbé agbọ̀n kan san ₦8,000 lórí rẹ̀. Àwọn márùn-ún tí wọ́n pawọ́ pọ̀ san ₦1,600 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá fi òfin ohun mẹ́ta ṣe èyí yóò ní ₦40,000 ni ọkọ̀ fún agbọ̀n márùn-ún, awakọ̀ yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ìkínní ń pọ̀ sí i tí èkejì sì ń dín kù. Bí alábàárù 3 bá já ẹrù ọkọ̀ kan ní wákàtí 4, alábàárù 6 yóò já a ní wákàtí 2. Ẹni tí ó bá kọ wákàtí 8, ẹ má ṣe nà án. Ẹ ní kí ó fojú inú wo ìdí ọkọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, 60 alábàárù kò lè já a ní ìṣẹ́jú 12 bí ìṣirò ti wí, nítorí pé ẹnu ọkọ̀ kò gba 60 ènìyàn. Ní ti iye owó ọjà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó rántí ọdún 2016 mọ̀ pé kì í tẹ̀lé òfin kankan. Kòkòrò tí a ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pàjáwìrì lórí tòmátì ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ẹni tí ó rò pé bí tòmátì bá dín sí ìdajì, owó rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì péré, kò tíì rí ọ̀pọ̀ alásè tí ń dìjọ na ọwọ́ sí agbọ̀n kan.

Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ wa ń sọ pé kí a má ṣe kó ìdàrúdàpọ̀ ọjà wọ inú kíláàsì, kí ìṣirò mọ́ kedere kí ọmọ lè rí ojú rẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a gbà pẹ̀lú wọn ní ìdajì. Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin àti aṣọ tí a ń fi ọ̀pá wọ̀n, nítorí pé ẹyọ kan jọ èkejì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, ọmọ yóò gba máàkì 10 nínú 10 yóò sì ṣe bí a ti ṣe ní ọjà. Nígbà tí a padà sí Kétu, a kó agolo mílíìkì, dẹ́rìkà, kóńgò àti rọ́bà pẹ́ǹtì lọ sí kíláàsì, a ní kí àwọn ọmọ fi iyanrìn gbígbẹ wá iye agolo mílíìkì tí ó kún kóńgò kan. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n, kò sì sí méjì tí iye tiwọn bára mu. Ariwo sọ. Ẹgbẹ́ kan ń kó tiwọn ga, òmíràn ń rẹ́ tiwọn, olúkúlùkù sì ń pe èkejì ní ọlọ́jàgbọ́n. A fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á títí wọn yóò fi fúnra wọn pinnu láti máa fi rúlà rẹ́ ojú agolo; láti ìgbà náà ni iye wọn ti bára mu. Bí a bá ti sọ òfin náà fún wọn lákọ̀ọ́kọ́, wọn ì bá ti gbàgbé rẹ̀ kí agogo tó lù.

Lẹ́yìn náà ni a tún kọ ìṣirò tòmátì sí ojú pátákó: agbọ̀n ₦30,000, ọkọ̀ àti alábàárù ₦3,000, rọ́bà tí ó dára 9, iye títà ₦4,000. Gbogbo wọn rí ₦3,000. A pe ọmọbìnrin náà síwájú, a gba ìwé rẹ̀, a pa òdo rẹ́ lójú gbogbo kíláàsì, a sì kọ máàkì tí ó tọ́ sí i. Ó wo ìwé, ó wo pátákó, ó ní, “Ẹ ṣé, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ka ẹ̀sà.”

Ẹ̀sà ni àwọn tòmátì fífọ́ tí a ṣà sọ́tọ̀, rọ́bà mẹ́ta ti ìsàlẹ̀ agbọ̀n, tí ìyá rẹ̀ ń tà ní ọ̀pọ̀ fún àwọn tí yóò lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. A bi í pé èló ni. Ó ní iye àárọ̀ kọ́ ni iye ìrọ̀lẹ́. A kọ ẹ̀sà sí ìsàlẹ̀ pátákó, a sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀ títí yóò fi bi ìyá rẹ̀ léèrè lálẹ́.